Ta ló rán an?

Sí olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lálẹ́ Àìkú, ọmọ mi obìnrin gbé fíìmù kan kalẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo àwọn télọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín." Dior and I ni wọ́n ń pè é. Bí Raf Simons, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, ṣe di ọ̀gá aránṣọ nílé aṣọ Dior ní Paris lọ́dún 2012 ló dá lé, tí wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré láti gbé aṣọ haute couture rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Aṣọ tí wọ́n ń wọn ara oníbàárà kí wọ́n tó rán an, tí ọwọ́ sì ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ni haute couture. Òfin Faransé kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé fún aṣọ rẹ̀ lórúkọ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ! Ẹ̀rín pa mí. Níbí, ìgbà tí Iléyá bá ku ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ń gbé léèsì wá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Ojúde Ọba.

Raf kọ́ ló dá mi dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, bó tilẹ̀ ṣe mí láàánú nígbà tó ń sunkún kí wọ́n tó ṣí aṣọ. Àwọn tó wọ kóòtù funfun lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Florence Chehet ń darí àwọn tó ń rán kaba, Monique Bailly ń darí àwọn tó ń rán kóòtù. Wọ́n á kọ́kọ́ fi aṣọ funfun lásán rán an wò, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un rán. Lọ́jọ́ kan Raf ń wá Florence, wọ́n ní ó ti wọ bàálù lọ bá oníbàárà ní New York. Inú bí i gan-an. Mo ní, ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹni tó ń sanwó ló ń pàṣẹ.

Wọ́n tún fẹ́ kí aṣọ kan gbé àwòrán tí ayàwòrán kan, Sterling Ruby, yà wọ̀. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ o. Òwú ni wọ́n tẹ àwòrán sí lára kí wọ́n tó hun ún. Ìyá ìyá mi ìbá ti lóye ìyẹn kíá. Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde ló ń hun aṣọ ọlọ́nà àti ìtagbè lórí òfì tó nàró, wọ́n ń hun ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn, àwọn Òṣùgbó sì ń gbé e kọ́ èjìká. Irú aṣọ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari létí òkun, wọ́n ń pè é ní ikakibite, ìyẹn aṣọ ìjàpá. Aṣọ rìn jìnnà, orúkọ ẹni tó hun ún ò kúrò lẹ́yìnkùlé.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Lẹ́yìn Ojúde Ọba tó kọjá, ẹ gbé àwòrán jáde jìngbìnnì. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gun ẹṣin, ẹ kọ orúkọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Mo rí agbádá méjì tó ti ṣọ́ọ̀bù mi jáde níbẹ̀. Òru mẹ́ta ni mo fi jókòó ti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àyà ọ̀kan, epo jẹnẹrétọ̀ sì tán lẹ́ẹ̀mejì. "Aṣọ àrà" lẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní aṣọ là ń kí kí á tó kí èèyàn. Ta ní ń kí ẹni tó rán an?

Mo mọ̀ pé àwa télọ̀ náà ò mọ́. A máa ń ní "ó ku bọ́tìnnì nìkan" nígbà tí a ò tíì gé aṣọ. Bẹ́ ẹ bá kọ orúkọ wa, àwọn tí a já kulẹ̀ á mọ ibi tí wọ́n á ti wá bú wa. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn ará Paris pàápàá, "ọwọ́ kékeré" ni wọ́n ń pe àwọn òṣìṣẹ́ wọn, Raf nìkan ló sì jáde wá gba àtẹ́wọ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n fíìmù yẹn pè wọ́n lórúkọ, a rí ojú wọn.

Iléyá tó ń bọ̀, kí akọ̀ròyìn yín bi ẹni tó bá yà ní fọ́tò pé ta ló rán an. Bónítọ̀hún bá ní òun ò rántí, kó bá a yẹ ẹ̀yìn ọrùn aṣọ wò. A máa ń lẹ orúkọ wa mọ́ ibẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá télọ̀ kan,
Ìjẹ̀bú-Òde