Ọwọ́ tí yóò tọ́jú àwọn arúgbó ló ṣọ̀wọ́n

Sí Olóòtú,

Bí iye arúgbó ṣe ń pọ̀ sí i lágbàáyé, owó ìfẹ̀yìntì ni àríyànjiyàn sábà máa ń dá lé. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò kéré: nígbà tí ìjọba Faransé sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì láti ọdún 62 sí 64 lọ́dún 2023, ìgboro dàrú. Lójú tèmi, olùtọ́jú ṣọ̀wọ́n ju owó lọ. Ní Jàpáànù, àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ará ìlú lọ. Ṣáínà, tó fi òfin ọmọ kan ṣoṣo de ọ̀pọ̀ ìdílé títí di ọdún 2015, ti fàyè gba ọmọ mẹ́ta láti 2021, síbẹ̀ ìbímọ kò gbérí. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lè máa gbọ́ bùkátà òbí méjì àti òbí àgbà mẹ́rin. Kí àwọn ìjọba tó ń wá nọ́ọ̀sì kiri ilẹ̀ òkèèrè kọ́kọ́ fi owó oṣù gidi sí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, kí wọ́n sì ka ọmọ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú òbí rẹ̀ mọ́ àwọn tí owó ìfẹ̀yìntì tọ́ sí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín