Ẹ jẹ́ kí tábìlì Olúwa ṣáájú ìdúpẹ́

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Díákónì obìnrin ni mí nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi la máa ń tọ́jú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù. Láti alẹ́ Sátidé la ti ń lọ aṣọ funfun tí a ó fi bo tábìlì. Tó bá di àárọ̀, a ó gé búrẹ́dì wẹ́wẹ́, a ó bu wáìnì tí kò lọ́tí nínú sínú àwọn ife tíntìntín, a ó tò wọ́n sínú tírè. Ó gba sùúrù. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ó ti ta sáṣọ nìyẹn.

Ìgbà wo wá ló máa ń kàn án? Lẹ́yìn ìdúpẹ́ ọlọ́jọ́ ìbí, ìdúpẹ́ ẹni tó ra mọ́tò, ìdúpẹ́ ẹbí tó sìnkú, tí wọ́n ń jó lọ síwájú tàwọn taṣọ ẹbí, àti ìkéde tó gùn ju ìwàásù lọ. Aago kan á ti kọjá. Ebi á ti máa pa àwọn ọmọdé, àwọn kan á ti yọ́ jáde. Pásítọ̀ á wo aago, á ní ká ṣe kíá. Ẹni tó ń pín in kì í ráyè wojú ẹni tó ń gbà á. Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí nítorí pé àwọn kan ń jẹun tán kí àwọn yòókù tó dé, ó ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Ta làwa ń dúró dè? Ẹ gbé tábìlì ṣáájú ìdúpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jó, kó jó lẹ́yìn náà. N ó bá a jó.

Màmá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè wá sí ìjọ mọ́. Bí a bá gbé tirẹ̀ lọ bá a nílé, á kọ́kọ́ ní ká bá òun wá gèlè òun, orí ibùsùn ló sì wà o!

Ti ìtẹ̀bọmi náà ń kọ mí lóminú. Fóònù á yí omi ká débi pé a kì í rí ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ bọ inú rẹ̀. Wọ́n á bi gbogbo wọn ní ìbéèrè pọ̀, wọ́n á dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” pọ̀, ó parí. Kí ló dé tí kálukú kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ bí Olúwa ṣe rí òun he, ìbáà jẹ́ gbólóhùn méjì? Kíláàsì ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò tó. Lọ́dún 1846 ni Àjàyí Crowther tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ọdún 1848 ni wọ́n tó rì í bọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Àlùfáà lọmọ rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò kánjú mú un débi omi.

Ìjọ tó bá ti gbé tábìlì ṣáájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sójú ewé yìí, kẹ́ ẹ sọ báwọn tó ń dúpẹ́ ṣe gbà á. Àwa díákónì yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lóṣù tó ń bọ̀, mo sì mọ àwọn tí yóò ta kò mí.

Tiyín nínú Olúwa,
Díákónì obìnrin kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.