Ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ iyùn lábẹ́ òkun

Olóòtú wa,

Ẹ jẹ́ kí á bá àwọn ará Èkó tó ń lọ ṣe fàájì nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ti sanwó pé bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Cozumel ní Mẹ́síkò tàbí sí Belize, àwọn yóò fi ọjọ́ kan lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú awò ojú àti ọ̀pá ìmí lọ wo òkìtì iyùn abẹ́ omi, tí Òyìnbó ń pè ní coral reef. Irú rẹ̀ kò sí létíkun wa. Omi tó mọ́ gaara, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí oòrùn ń wọ̀ ni iyùn ń fẹ́. Ọ̀sà Èkó ńkọ́? Ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ọwọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọ odò wẹ̀ dáadáa níhìn-ín ṣì lè débẹ̀ kó dàrú mọ́ ọn lójú.

Ibi awò tó bo ojú àti imú ni nǹkan ti sábà ń bàjẹ́. Ẹ gbé e lé ojú láì fa okùn rẹ̀ sẹ́yìn orí, ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì ju ọwọ́ sílẹ̀. Bó bá lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, tiyín ni. Bó bá bọ́, ẹ dá a padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kàn fa okùn le, ẹ má dá a lóhùn: okùn tó le jù á ká etí rọ́bà sókè, omi á sì wọlé. Irun ni ọ̀tá awò yìí. Ìdì kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ rọ́bà níwájú orí ti tó. Kí ẹni tó dirun kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, kó fi fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ dè é. Wíìgì, ẹ fi sílẹ̀ nínú yàrá. Kí àwọn ọkùnrin fá irunmú tó wà lókè ètè. Kí gíláàsì má baà ṣú, ẹ fi itọ́ pa inú rẹ̀, kí ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, itọ́.

Ẹnu ni ẹ ó fi máa mí nínú ọ̀pá ìmí. Bí omi bá wọnú ọ̀pá, ẹ fẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fùú, bí ẹni ń fẹ́ná igi. Ẹni tí kò bá mọ èyí á gbé orí sókè, á dìde dúró nínú omi, á máa fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Iyùn sì ni ilẹ̀ ọ̀hún. Á gé e lẹ́sẹ̀, ẹni náà á sì pa iyùn ọ̀hún, nítorí ohun tó dà bí òkúta yẹn, ẹranko ni: ẹgbẹẹgbẹ̀rún kéékèèké, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀, tí wọ́n ń fi ohun funfun bí ẹfun kọ́lé. Èyí tó rí roboto bí ọpọlọ inú agbárí lè má fi ju sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 dàgbà lọ́dún. Ẹ wá wo ohun tí ìgbájú bàtà rọ́bà gbọọrọ tí a fi ń lúwẹ̀ẹ́ kan ń bàjẹ́.

Iyùn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ṣóńṣó rẹ̀ funfun, ń jóni ju wèrèpè lọ. Bó bá kàn yín, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má da omi ẹ̀rọ sí i. Fínígà ni kí ẹ dà sí i. Ẹ̀wù alápá gígùn sàn ju ìpara oòrùn lọ. Láti 2021 ni ìpínlẹ̀ Hawaii ní Amẹ́ríkà ti fòfin de títa ìpara tó ní kẹ́míkà oxybenzone tàbí octinoxate, torí ewu rẹ̀ fún iyùn. Ẹ bọ́ ṣéènì wúrà kí ẹ tó wọmi: ohun tó ń kọ mànà máa ń fa ẹja eléyín.

Ẹ má sì ṣa iyùn tó kán bọ̀ wálé. Kì í ṣe irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba. Iyùn pupa yẹn, láti Òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. CITES, òfin àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, sì béèrè ìwé àṣẹ kí iyùn òkìtì tó kán yẹn tó kọjá ibodè.

Ẹ fi ẹ̀ẹ̀mẹta dánra wò nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ní Tarkwa Bay níbi tí ìgbì kò ti le, kí ẹ tó kúrò nílé. Lọ́jọ́ náà, aago ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Fóònù lè yí sí aago ìlú tí ẹ sọ̀kalẹ̀ sí láì sọ fún yín, ọkọ̀ kì í sì dúró de ẹni tó dá rìn.

Àwa olùkọ́ odò wíwẹ̀,
Yábàá, Èkó.