Lẹ́tà sí àbúrò mi, lórí abẹ́rẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì

(Àbúrò mi ló ní kí n fi èyí síta, pé ẹlòmíràn lè nílò rẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo fi í sílẹ̀.)

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Nígbà tí o pè mí láti sọ nípa yàrá tí ẹ ti gún oògùn, tí ẹ sì bá ara yín sùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ohùn rẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. "Ẹ má bínú sí mi." Mi ò bínú. Èmi náà ti wà nínú irú yàrá yẹn rí: fèrèsé tí wọn kò ṣí fún ọjọ́ méjì, fóònù tó ti kú, àwọn àjèjì tí mo rò pé mo fẹ́ràn ju ẹbí mi lọ. Ẹni tó bá ti gún oògùn olóró methamphetamine sínú iṣan kó tó bá èèyàn sùn mọ̀ pé adùn rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Mi ò ní tàn ọ́ lórí ìyẹn.

Gbólóhùn kan lo tẹnu mọ́ tó dùn mí: "Abẹ́rẹ́ tèmi ni mo lò, mi ò yá ti ẹnikẹ́ni." Bí mo ṣe fọwọ́ sọ̀yà níwájú nọ́ọ̀sì kan nìyẹn lọ́jọ́sí. Ó wò mí, ó ní, "Omi ńkọ́?"

Omi! Kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Inú rẹ̀ ni gbogbo wa ti fi abẹ́rẹ́ fa omi, ṣíbí kan náà la fi po oògùn, òwú kan náà la fi sẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré débi pé ojú kò lè rí i tó láti kó hepatitis C, àrùn ẹ̀dọ̀, ranni, kòkòrò náà sì lè wà láàyè nínú sìríńjì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kí a fi omi ṣan abẹ́rẹ́ kò pa á. Bí èmi ṣe kó o nìyẹn.

Àní nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́rin òru, ta ló ṣì mọ èwo ni tirẹ̀? Oògùn yẹn kì í jẹ́ kéèyàn sùn, kì í jẹ́ kó rántí. Ara á ti bó, kò ní dunni. Rọ́bà ìbálòpọ̀ (kọ́ńdọ̀mù) á ti ya, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ọ̀nà méjì ni HIV ní lóru kan ṣoṣo.

Apá rẹ tó wú, má tẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ éèwo. Bí ibà bá bá a wá, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, torí bakitéríà a máa gba inú iṣan dé ọkàn. Ẹni tó mu GHB (oògùn olómi tó ń kunni lóorun) mọ́ ọtí, tí ẹ ń jí tí kò jí, ẹ má tún sọ láéláé pé ó kàn sùn ni. Irú wọn lè dákẹ́ mímí síbẹ̀. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ pe áńbúláǹsì.

Ọjọ́ Àìkú la wà yìí. Oògùn PEP tó ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kó o tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 lo sì máa fi lò ó. Ó ku ọ̀la, àmọ́ a ò ní dúró dọ̀la. Má sọ fún dókítà pé o ṣubú o (irọ́ tí mo pa nìyẹn). Sọ abẹ́rẹ́, sọ ìbálòpọ̀. Béèrè àjẹsára hepatitis B bí o kò bá tíì gbà á. Hepatitis C kò ní àjẹsára, ṣùgbọ́n ó ṣeé wò sàn: oògùn oníhóró ọ̀sẹ̀ 12 ni mo lò. Mo sì mọ ẹni tó wò ó sàn tó tún kó o. Àyẹ̀wò òní nìkan kò tó, a máa padà lọ.

Ṣé o máa tún lọ? Mi ò jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò lè fi ìyẹn dá ọ lẹ́jọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, ní abẹ́rẹ́ tuntun, ṣíbí tìrẹ, òwú tìrẹ, omi tìrẹ, kó o sàmì sí wọn nígbà tí ojú rẹ ṣì mọ́.

Má wulẹ̀ tún yàrá ṣe. Mo ti wọ bàtà, mo ń bọ̀ wá gbé ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ