Ilé Ijó Àgbàlagbà: Kí Ni Kánsù Ń Wá Níbẹ̀?

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé ijó oníhòòhò àti ṣọ́ọ̀bù fíìmù àgbàlagbà yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pariwo pé kí kánsù ti gbogbo ẹ̀ pa. Èmi kì í lọ síbẹ̀, kò sì wù mí, àmọ́ ọ̀nà tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé ni mo fẹ́ ká jọ wò dáadáa.

Kánsù tó bá gbọ́n kì í sọ pé òun fòfin de nǹkan, téèpù ló máa gbé jáde, á ní òun fẹ́ wọn ilẹ̀. Ẹ wo Renton ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1981, kò tíì sí gbọ̀ngàn fíìmù àgbàlagbà kankan níbẹ̀ rárá tí wọ́n fi ṣòfin pé irú ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 jìnnà sí ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀ṣì àti páàkì, kó sì fi máìlì kan jìnnà sí ilé ìwé, kí wọ́n tó wá sọ ti ilé ìwé náà di ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Kò burú létí, àbí? Ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ilẹ̀ ìlú náà ló kù. Àwọn onígbọ̀ngàn ní ẹlòmíì ti wà lórí púpọ̀ nínú ẹ̀, èyí tó kù ò sì ṣeé ṣòwò lórí ẹ̀, ni Kọ́ọ̀tù tó ga jù bá dá wọn lóhùn ní 1986 pé kí wọ́n lọ wá ilẹ̀ rà bíi ti gbogbo oníṣòwò. Èyí tó tún bí mi nínú jù ni pé Renton ò ṣe ìwádìí kankan fúnra ẹ̀ nípa aburú tí gbọ̀ngàn fíìmù ń fà, ohun tí Seattle ti rí ló gbára lé, kọ́ọ̀tù sì ní ó tó!

Látibi ilẹ̀, wọ́n bọ́ sórí aṣọ. Ìlú Erie ní Pennsylvania ṣòfin ní 1994, kọ́ọ̀tù sì fọwọ́ sí i ní 2000, pé oníjó gbọ́dọ̀ lẹ nǹkan mọ́ orí ọmú kó sì fi aṣọ tíńtín bo ojú ara. Wọ́n ní nítorí ìwà ọ̀daràn tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká ni. Ẹ jọ̀ọ́, olè tó lúgọ síta, ṣé aṣọ tíńtín tó wà nínú ilé ló máa lé e lọ? Adájọ́ Scalia, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ Kọ́ọ̀tù tó ga jù náà, tiẹ̀ ti sọ tiẹ̀ gbangba ní 1991 nínú ẹjọ́ kan láti Indiana pé bí 60,000 àgbàlagbà bá fínnúfíndọ̀ kóra jọ sí pápá ìṣeré kan láti tú síhòòhò fúnra wọn, tínú ẹnì kankan ò sì bí, òfin ṣì lè mú wọn. Mi ò gbà fún un, ṣùgbọ́n ó sọ tinú ẹ̀, ó sàn ju àwọn tó ń fi olè bojú lọ.

Òfin báyìí kì í dúró sójú kan náà. Mount Ephraim ní New Jersey kọ tiẹ̀ débi pé eré orí ìtàgé àti orin pàápàá kó sí i, ọpẹ́lọpẹ́ kọ́ọ̀tù tó wọ́gi lé e ní 1981.

Ẹni tó bá fipá mú ọmọbìnrin jó, ẹ jù ú sẹ́wọ̀n. Ẹni tó bá jẹ́ kọ́mọdé wọlé, ẹ gba láísẹ́ńsì ẹ̀. Òfin ti wà fún gbogbo ìyẹn tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó bá yín jiyàn. Àgbàlagbà tó fowó ara ẹ̀ wo ijó tẹ́ni tó ń jó ń fẹ́ jó, ta ló pa lẹ́kún?

Kánsù tó bá ń múra irú òfin bẹ́ẹ̀, kó tẹ máàpù sójú ìwé ìròyìn yín ká rí ilẹ̀ tó kù fáwọn èèyàn náà, kó sì kó ìwádìí tóun fúnra ẹ̀ ṣe jáde kí wọ́n tó dìbò.

Èmi, òǹkàwé yín.