Àkànkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí tíṣà yín fagi lé

Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni ilé ìwé, ṣé o ń jẹun dáadáa ṣá? Mọ́mì ẹ sọ fún mi pé nígbà tí mátírọ́ọ̀nù fún ẹ ní fóònù, ẹjọ́ tíṣà Basic Science lo ń rò, pé ó ní kí ẹ kọ ohun tó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, gbogbo kíláàsì kọ núkílíọ́ọ̀sì, ìyẹn kókó inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣẹ́ ẹ̀, ìwọ wá kọ ọ́ pé kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní in, ó fagi lé e, lo bá bú sẹ́kún. Ẹkún kẹ̀! Torí máàkì kan, ìwọ tí bàbá ẹ ń wo ẹ̀jẹ̀ nínú máíkíróskóòpù látàárọ̀ dalẹ́.

Ohun tó o kọ yẹn tọ̀nà. Àmọ́ tí tíṣà bá ní kó o dárúkọ sẹ́ẹ̀lì tí kò ní núkílíọ́ọ̀sì, tó o wá ń sọ pé "dádì mi ló sọ bẹ́ẹ̀", ìyẹn ò lè gbà ẹ́ sílẹ̀ o, torí náà jókòó kó o ka lẹ́tà yìí dáadáa.

Tí wọ́n bá gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún wa ní láàbù, a máa kán bíńtín sórí sílááìdì, a ó fi etí sílááìdì míì fà á lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè fẹ́lẹ́, ó máa gbẹ, a ó da dáì sí i, ká tó gbé e sábẹ́ lẹ́ǹsì. Ohun tó o máa kọ́kọ́ rí ni àwọn nǹkan róbótó róbótó tó pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n pọ̀ lọ súà, àárín wọn á funfun díẹ̀ torí ó tẹ̀ wọnú lókè àti nísàlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa nìyẹn, kò sí nǹkan kan láàárín ẹ̀. Tó o bá ń wá a lọ, wàá kan ọ̀kan tó tóbi jù wọ́n lọ, tí nǹkan elése àlùkò kan wà nínú ẹ̀ tó dà bíi pé wọ́n gé e sí mẹ́ta tí wọ́n tún so ó pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà nìyẹn, nǹkan elése àlùkò yẹn sì ni núkílíọ́ọ̀sì ẹ̀.

Inú ẹ̀jẹ̀ kan náà làwọn méjèèjì wà, kí ló wá dé tí ọ̀kan ní in tí èkejì ò ní? Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń há a sórí, mitochondria ni powerhouse, núkílíọ́ọ̀sì ló ń darí, awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu ohun tó ń wọlé àtohun tó ń jáde, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó gba máàkì, ọ̀sẹ̀ kejì ó ti fò lọ. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì yòówù kó o rí, kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, wàá mọ ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀.

Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa ni kó gbé ọ́síjìn látinú ẹ̀dọ̀fóró kiri gbogbo ara. Tó o bá pín mílímítà kan lórí rúlà ẹ sí ọ̀nà 1000, nǹkan bíi 7 tàbí 8 nínú ẹ̀ ni fífẹ̀ ẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù sì wà tí kò fẹ̀ tó o, ó gbọ́dọ̀ ká ara ẹ̀ kò kó tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Núkílíọ́ọ̀sì ì bá jẹ́ kó le gbagidi, ì bá tún gba àyè lọ́wọ́ hẹmoglóbìn tó ń di ọ́síjìn mú, bẹ́ẹ̀ sì rèé sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo máa ń kó hẹmoglóbìn bíi mílíọ̀nù 270. Mitochondria gan-an ò sí nínú ẹ̀. Ọ́síjìn ni mitochondria máa ń lò láti sọ oúnjẹ di agbára, dírẹ́bà táńkà epo tó bá ń fa epo tó gbé mu lójú ọ̀nà, kí ló máa kù nínú táńkà tó bá fi dé Kano? Ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì pupa fi ń rí agbára ẹ̀ látinú ṣúgà láìfọwọ́ kan ọ́síjìn.

Àmọ́ ó ń jìyà ẹ̀ náà, torí kò lè tún ara ẹ̀ ṣe tó bá ti bàjẹ́, nǹkan bíi ọjọ́ 120 ló ń lò, ara á sì gbé e mì. Mùdùnmúdùn inú egungun ló ń pèsè tuntun, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ní sẹ́kọ́ǹdì kan! Ibẹ̀ gan-an ni wàá ti rí ìdáhùn tó o máa fún tíṣà: nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣì jẹ́ ọmọdé nínú mùdùnmúdùn, ó ní núkílíọ́ọ̀sì, òun ló fi ń gba àṣẹ láti ṣe hẹmoglóbìn, ìgbà tó bá ti ń gbó ló máa ń tì í jáde. Èèyàn la sì ń sọ o, ti adìyẹ kì í tì í jáde, ẹ̀jẹ̀ adìyẹ tí mọ́mì ẹ ń pa nígbà Kérésì, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀ ní núkílíọ́ọ̀sì rekete.

O mọ̀ pé AS ni ẹ́ bíi tèmi, AA ni mọ́mì ẹ. Inú núkílíọ́ọ̀sì yẹn ni àṣẹ jẹ́nótáìpù wà, ó sì ti pàṣẹ tán kó tó jáde. Hẹmoglóbìn S, nǹkan kékeré kan ló fi yàtọ̀ sí A, 1956 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Vernon Ingram, rí i ní Cambridge pé ẹyọ kan péré ló yí padà nínú àwọn amino acid tí wọ́n so pọ̀ di hẹmoglóbìn. Ẹyọ kan yẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé tí ọ́síjìn bá ti kúrò lára S, wọ́n á so mọ́ra wọn gbọọrọ, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, kò ní lè ká ara ẹ̀ mọ́, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀, ìrora dé nìyẹn. Oògùn kan wà tá a máa ń fi fa ọ́síjìn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lórí sílááìdì, mo fi ẹ̀jẹ̀ èmi gan-an ṣe é rí, mo ń wò ó báyìí, wọ́n ń tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ara àwa AS, A tó wà níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Àwọn SS ni kò ní A rárá, sẹ́ẹ̀lì pupa tiwọn kì í sábà kọjá ọjọ́ 20, ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ń tó wọn nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ ẹ tó wà ní dọ̀mù yín tó máa ń ṣàìsàn, mi ò fẹ́ gbọ́ pé o dá sí àwọn tó ń pè é ní àbíkú tàbí síkílà o. Jẹ́ kó máa mu omi dáadáa, tí síníọ̀ bá ní kó lọ pọnmi ní ìdájí nínú òtútù, bá a lọ sọ fún mátírọ́ọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ọkọ ṣì jìnnà jàre, àmọ́ kó o ti mọ̀ pé AS pẹ̀lú AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS.

Mọ́mì ẹ tún ní o ní ká fi Ampiclox ránṣẹ́ torí ọ̀fìnkìn. Mi ò fi ránṣẹ́. Bakitéríà ní ògiri yí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ká, ògiri yẹn ni Ampiclox kì í jẹ́ kó rí mọ, sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tìẹ ò ní ògiri, awọ lásán ló ní, ìdí tí oògùn yẹn kì í fi wó sẹ́ẹ̀lì tìẹ nìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì tó sábà ń fa ọ̀fìnkìn kì í tiẹ̀ ṣe sẹ́ẹ̀lì rárá, ògiri wo ni Ampiclox fẹ́ wó lára ẹ̀?

Ní ti tíṣà, má lọ bá a jà níwájú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ rere ló ń yọ obì lápò. Dúró dìgbà tó bá ku òun nìkan, kúnlẹ̀ kí i, kó o ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ béèrè nípa sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀." Ìwé tó fi ń kọ́ yín ò parọ́, ó kàn gé ọ̀rọ̀ kúrú ni. Robert Hooke tó kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì ní 1665, èèpo igi tó ti kú ló wò, ògiri òfìfo ló rí, ó tó 1831 kí Robert Brown tó fún núkílíọ́ọ̀sì lórúkọ. Tó bá tún jáde nínú ìdánwò, kọ "ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì", má kọ "gbogbo".

Tí tíṣà bá gbà, màá mú sílááìdì méjì wá ní visiting day, ọ̀kan ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ọ̀kan ti adìyẹ. Bá mi béèrè bóyá máíkíróskóòpù ilé ìwé yín ń ṣiṣẹ́, àti bóyá lẹ́ǹsì 40 ẹ̀ ò tíì fọ́. Mọ́mì ẹ ní òun ti din chin-chin sílẹ̀ dè ẹ́.

Dádì ẹ