Ìwádìí ló yẹ kó bá tábúlẹ́ẹ̀tì wọ kíláàsì

Ọ̀gá mi Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbàkúùgbà tí ìjọba bá pín kọ̀ǹpútà fún ilé ẹ̀kọ́, fọ́tò rẹ̀ máa ń kún ìwé ìròyìn: gómìnà, kọmíṣọ́nnà, àti àwọn ọmọ tí wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sókè tẹ̀rín-tẹ̀rín. N kò lòdì sí fọ́tò yẹn rárá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn akọ̀ròyìn yín padà sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́yìn ọdún méjì, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba ibi tí àbájáde ìwádìí wà.

Ẹ jẹ́ ká mú Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Oṣù kẹfà ọdún 2013 ni ìjọba Ògbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Wọ́n ní 150,000 làwọn fẹ́ pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ tó lé ní àádọ́ta wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 17 ni wọ́n sì kárí, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB ti ọdún àtẹ̀yìnwá. Èrò yẹn wù mí títí di òní. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára àtira ìwé físíìsì kan ṣoṣo wá ní odidi ilé ìkàwé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi mí lónìí pé, "Tíṣà, ṣé ó ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ lóòótọ́?", ìyìn àti èébú ni mo ní láti fi dá a lóhùn. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ń yìn ín, àwọn tó wà ní òdì kejì ń bú u. Owó gbogbo ìlú la fi ra nǹkan yìí. Ìdáhùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju èyí lọ tọ́ sí wa.

Kì í sì í ṣe pé a kò mọ ìwádìí í ṣe. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tó dáńgájíá sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n jẹ́ kí kíláàsì mìíràn máa bá ìlànà àtẹ̀yìnwá lọ: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fi ìdánwò wé àwọn kíláàsì náà, wọ́n sì tẹ̀lé àwọn ọmọ dé sẹ́kọ́ńdírì. Ìdí nìyí tí a fi lè sọ lónìí pé àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ta àwọn yòókù yọ, títí kan inú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà lè tú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é wò. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún tábúlẹ́ẹ̀tì gan-an nìyẹn.

Orílẹ̀-èdè Pérù náà ra kọ̀ǹpútà kékeré alágbèéká fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Iye rẹ̀ lé ní 800,000. Àwọn olùwádìí yẹ ilé ẹ̀kọ́ 319 wò ní àwọn abúlé ibẹ̀, àwọn tó gbà á àti àwọn tí kò tíì gbà á. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 15, ìṣirò àti ìwé kíkà àwọn ọmọ tó gba ẹ̀rọ kò sàn ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Lóòótọ́, wọ́n ń lo ẹ̀rọ náà gan-an. Ẹ ò rí i pé ká ní iye ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n kà ní Pérù, wọn ì bá ti jó, wọn ì bá ti yọ̀?

Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni ìròyìn ayọ̀ ti wá. Ní ọdún 2024, ní Ìlú Benin, Báńkì Àgbáyé ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ SS1 tó ń lo ẹ̀rọ oníjíròrò tí ń dáhùn ìbéèrè láti fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ètò náà gbà. Ṣe ni wọ́n ṣẹ́ ìbò láti yan àwọn tó máa wọlé, olùkọ́ sì wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwọn tó wọlé ṣe dáadáa ju àwọn tí kò wọlé lọ, ẹni tó sì ń wá déédéé ló jèrè jù. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí olùkọ́ yẹn. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni wọ́n dán wò.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù sì nìyí. Fọ́ọ̀mù tó ń wá láti ọ́fíìsì máa ń béèrè iye kọ̀ǹpútà tó wà àti iye tó ń ṣiṣẹ́. Kò síbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí a fi í ṣe. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, inú yàrá tí wọ́n tì pa ni kọ̀ǹpútà máa ń wà nítorí olè, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní bàólọ́jì ń fi fóònù ara rẹ̀ ṣàfihàn bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Á pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ márùn-ún-márùn-ún, á máa gbé fóònù láti ọ̀dọ̀ ọ̀wọ́ kan bọ́ sí èkejì, á máa fi Yorùbá ṣàlàyé, á sì ní kí wọ́n wá yà á sí ojú bọ́ọ̀dù. Òun ló ń ra dátà. Bí kò bá sí iná, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti ń chájì rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n yìí, kò sí fọ́ọ̀mù tó gbà á sílẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, yàrá tí wọ́n tì pa yẹn ni wọ́n ń pè ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ti tíṣà obìnrin yìí kò sí níbẹ̀.

Olùwádìí tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ fún táàmù kan ó kéré tán, kó sì bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n máa fi tú inú wọn jáde. Kó má retí àlàyé tó péye látẹnu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Ìròyìn UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àgbáyé, ti ọdún 2023 sọ pé nínú 100 ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, méje péré ló ti fi irú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Benin, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ìbò yan àwọn tó wọlé, dán ọjà wọn wò. Bí wọ́n bá ń ṣe èyí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí la fẹ́ retí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ọjà wá sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́?

Kò ní náni lówó rẹpẹtẹ. Tábúlẹ́ẹ̀tì kì í dé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan náà, kódà bí ìjọba bá fẹ́. Kí wọ́n ṣẹ́ ìbò ní gbangba láti mọ ilé ẹ̀kọ́ tó máa kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìdánwò kan náà kó tó dé àti lẹ́yìn tó bá dé, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì wa sì máa wé àwọn tó ti gbà mọ́ àwọn tó ń dúró. Kí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ìbáà dùn, ìbáà korò. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, WAEC náà sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan máòsì rí àfi lọ́jọ́ ìdánwò kò lè máa dúró de àríyànjiyàn àwọn olóṣèlú.

Nítorí náà, Olóòtú, nígbà tí wọ́n bá tún pe àwọn akọ̀ròyìn yín síbi tí wọ́n ti ń pín tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà, ní ojú àwọn òbí tó pé jọ síbẹ̀, orúkọ yunifásítì tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀ àti oṣù tí àbájáde máa jáde. Ẹ tẹ ìdáhùn rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.